Kí ló ń gbẹ nínú àtọ̀gbẹ?

Ẹnìkan béèrè pé kí ló dé tí à ń pe àìsàn ṣúgà ní àtọ̀gbẹ, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó sanra ló sábà ń mú. Ìbéèrè gidi ni. Èsì tí wọ́n fún un ló bí mi nínú: wọ́n ní àtọ̀ ọkùnrin ló ń gbẹ! Ẹ gbà mí o. Ṣé àtọ̀gbẹ kì í mú obìnrin ni? Àtọ̀ wo ló wà lára ọmọ ọdún mẹ́fà tí àìsàn yìí mú?

"Tọ̀" inú ìtọ̀ ló wà níbẹ̀. À-tọ̀-gbẹ: kéèyàn máa tọ̀ títí tí yóò fi gbẹ. Ọ̀pọ̀ tó tiẹ̀ mọ èyí a máa rò pé omi ara ló ń gbẹ, torí òùngbẹ tó máa ń gbẹ aláìsàn. Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tèmi ni pé ọ̀rá ni àwọn àgbà ń wò. Nígbà tí Yorùbá bá ní "lágbájá ti gbẹ", ta ló ń sọ̀rọ̀ omi? Ẹran ara rẹ̀ ló ti lọ.

Bàbá aránṣọ kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá náà a jẹ àmàlà ju àwọn géńdé lọ, a mu omi bí ẹni tó ti oko dé, síbẹ̀ orí maṣíìnì ara rẹ̀ ló ti ń fún ìbàdí ṣòkòtò ara rẹ̀ wọlé, títí àpò ẹ̀yìn méjèèjì fi fẹ́ pàdé. Èèrà a sì tò lọ síbi tó bá tọ̀ sí lẹ́yìn ògiri. Ìyá àgbà wa wò ó, wọ́n ní, "Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń tọ̀ dànù yẹn." Ṣúgà ni èèrà ń wá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìyá tí kò mọ ABD yìí kò jìnnà sóòótọ́ rárá.

Insulin ni họ́mọ̀nù, ìyẹn ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, tí pancreas, tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tá a bá jẹun. Tó bá dé ara sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá, àwọn yàrá kéékèèké tí ara ń kó ọ̀rá pamọ́ sí, iṣẹ́ méjì ló ń jẹ́ fún un. Àkọ́kọ́: gba ṣúgà wọlé. Sẹ́ẹ̀lì á wá gbé GLUT4, ohun tó ń gba ṣúgà wọlé, láti inú lọ́hùn-ún wá sójú ara rẹ̀. Ìkejì, èyí tí àwọn èèyàn kì í sọ: má tú ọ̀rá tó wà nípamọ́ sílẹ̀.

Bí insulin kò bá sí rárá, bó ṣe máa ń rí nínú irú èyí tó sábà ń mú ọmọdé, iṣẹ́ méjèèjì kò dé. Àgbà ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ohun tí àtọ̀gbẹ ń múni ṣe gan-an nìyẹn. Ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀ bámúbámú, odò ńlá ni, ó ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì kò rí bù mu. Ara á wá rò pé ìyàn mú. Ọ̀rá tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ìyẹn gan-an ni itọ́ tó ń fi bọ́jú. Ẹ̀dọ̀ á sọ ọ̀rá náà di èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ketone, èémí á máa rùn bí èso tó pọ̀n jù, ketone á kún ẹ̀jẹ̀ débi tó lè pa èèyàn, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì bá ìtọ̀ jáde. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ṣẹ? Kó tó di oṣù kìíní ọdún 1922, tí wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, aláìsàn àtọ̀gbẹ àkọ́kọ́ tó gba insulin, lábẹ́rẹ́ ní Toronto, gbígbẹ títí dójú ikú ni ìpín irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ti àwọn tó sanra yàtọ̀. Insulin wà, ó tiẹ̀ lè pọ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tó ti kún jù, pàápàá ti inú ikùn, kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ọ̀rá á máa jò sínú ẹ̀jẹ̀, á lọ bà sínú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara, àwọn náà á sì di aláìgbọràn. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ní họ́mọ̀nù tirẹ̀ náà: leptin, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jeffrey Friedman àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní 1994, ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ tó, ọpọlọ ẹni tó sanra kì í sábà kà á sí, adiponectin tó ń ran insulin lọ́wọ́ a sì máa dínkù. Irú aláìsàn yìí kì í tètè gbẹ. Ìgbà tó bá ti rẹ pancreas, tí insulin ò tó mọ́, ni ẹran ara ń lọ. Àwọn baba wa kò ní ohun tí wọ́n lè fi wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ibi tí àìsàn ti hàn sójú ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

Lónìí irinṣẹ́ wà, a kì í wo èèyàn dáadáa mọ́. Ẹni tí kò gbààwẹ̀, tí kò dín oúnjẹ kù, tó ń jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, tí ìró ń já bọ́ nídìí ẹ̀, la máa ń kí pé "ẹ kú ìtọ́jú ara, ẹ ti rẹwà sí i." Ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná.