Ẹ Bi Rẹfirí: Ẹnu Ṣáájú Fèrè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ń gbá rọ́gbì níbí ní Peckham. Ní báyìí, ó ní rẹfirí lòun fẹ́ dà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í jágbe mọ́ ènìyàn. Bàbá rẹ̀ ní ẹni tí kò lè jágbe kò lè kápá ọgbọ̀n géńdé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? – Ìyá Ayọ̀, London

ÌDÁHÙN: Ìyá Ayọ̀, ẹ bá mi bẹ Bàbá Ayọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà ṣe é. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fọn fèrè lọ́jọ́ Sátidé ní gúúsù London. Àwọn rẹfirí tí mo mọ̀ tó ń pariwo jù, àwọn gan-an ni agbábọ́ọ̀lù kì í kà sí.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ló ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá ti gbé ẹnìkan ṣubú, tí àwọn tó kù dà bo bọ́ọ̀lù, mi ò ní dúró kí wọ́n ṣẹ̀ kí n tó lanu. “Nọ́ńbà 7, gbọ́wọ́ kúrò! Yí kúrò níbẹ̀!” Tó bá gbọ́, eré ń lọ. Tó bá kọ̀, ìgbà yẹn ni fèrè máa dún, kò sì ní lè sọ pé òun ò mọ ohun tóun ṣe. Olórí ikọ̀ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bi mí ní ìbéèrè. Bí ẹlòmíràn bá ń ráhùn, mo lè gbé ibi tí wọ́n ti máa gba pẹ́náritì náà síwájú ní mítà 10. Kí ni mo tún fẹ́ fi igbe ṣe?

Ẹ wá fídíò Nigel Owens fún Ayọ̀. Rẹfirí ará Wales ni Owens, òun ló darí àṣekágbá Ife Àgbáyé rọ́gbì 2015 ní Twickenham láàárín New Zealand àti Australia. Kó má wo bọ́ọ̀lù. Kó máa gbọ́ ohùn rẹ̀, torí pé makirofóònù máa ń wà lára rẹfirí. Ohùn olùkọ́ tí kíláàsì ń bọ̀wọ̀ fún ni ẹ máa gbọ́.

Kó kọ́ sùúrù pẹ̀lú. Tí ikọ̀ kan bá ṣẹ̀, a kì í sábà fọn fèrè lójú ẹsẹ̀. A óò na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ikọ̀ tí kò ṣẹ̀, ká wò ó bóyá wọn yóò jèrè nínú rẹ̀. Bí kò bá sí èrè, a dá eré padà síbi ẹ̀ṣẹ̀.

Àmọ́ sùúrù kò sí nínú scrum, níbi tí ikọ̀ méjèèjì ti ń forí-forí wọnú ara wọn láti du bọ́ọ̀lù. Ènìyàn mẹ́jọ-mẹ́jọ ló ń ti ara wọn, ọrùn wọn ló wà nínú ewu. Lọ́dún kẹta mi, scrum àwọn ọmọdé wó lójú mi. Dípò kí n fọn fèrè, mo ń wò ó ná, ta ló jẹ̀bi? Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni. Ọmọ kan ké lábẹ́ wọn. Ó dìde, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, fèrè ló ń ṣáájú, ẹ̀bi á tẹ̀ lé e. Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún Ayọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, ní àṣekágbá Ife Àgbáyé rọ́gbì 2023, rẹfirí Wayne Barnes fún Sam Cane, olórí ikọ̀ New Zealand, ní káàdì yẹ́lò, ó tún wá di pupa. Ṣé kò dá a lójú ni? – Fẹ́mi, Manchester

ÌDÁHÙN: Fẹ́mi, ohun tó rí ló fi dájọ́. Èjìká Cane bá orí ẹni tó fẹ́ mú. Barnes ní kó jáde ná, ẹlòmíràn sì jókòó ti fídíò láti wò ó bóyá ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sọ ọ́ di pupa, New Zealand sì pàdánù pẹ̀lú àmì 11 sí 12. Agbẹjọ́rò ni Barnes. Kò ní í lára láti jẹ́ kí ẹlòmíràn yẹ ẹ̀rí wò.

Ní pápá tiwa, fídíò kò sí. Tí mi ò bá rí i, mi ò rí i nìyẹn, kódà bí bàbá ọmọ bá ń pariwo létí pápá pé òun rí i.