Èsì: Ìwé wo ni kí n kọ́kọ́ kà nípa Ọlọ́run?

Ẹ kú ìbéèrè o bùrọ̀dá. Ẹ̀rù tẹ́ ẹ ní ó ń bà yín pé ìwé lè ba ìgbàgbọ́ jẹ́, ẹ gbé ìyẹn tì ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé Olódùmarè tí Bolaji Idowu kọ ní 1962, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku ni bàbá yẹn, síbẹ̀ Ifá àti oríkì ló ń tú palẹ̀, ó ní Olódùmarè kan ṣoṣo ló wà, òun làwọn òrìṣà ń jíṣẹ́ fún. Àwa tá à ń rí Arugbá l'Óṣogbo níbí lọ́dọọdún, ibi ọ̀rọ̀ òrìṣà yẹn gan-an ni ká ti rọra kà á, torí Okot p'Bitek, akéwì ará Uganda, sọ pé aṣọ àwọn Gíríìkì ni àwọn onímọ̀ bíi Idowu ń wọ̀ fún òrìṣà ilẹ̀ Áfíríkà, èmi sì gbà fún un díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé Idowu yẹn le ṣá!