Ṣé dandan ni kí orílẹ̀-èdè tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sójú ogun?

Ìbéèrè: Mo máa ń gbọ́ nínú ìròyìn pé ẹni tó bá kọlu ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè NATO, ẹgbẹ́ ààbò tí Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀, ti kọlu gbogbo wọn. Tí orílẹ̀-èdè ńlá bí Amẹ́ríkà bá wọ ogun, ṣé dandan ni kí àwọn tó bá a mulẹ̀ kó ọmọ ogun jáde? Kí ló dé tí àwọn kan fi ń jà, tí àwọn kan ń fowó ránṣẹ́, tí àwọn mìíràn sì ń wòran? Kí ni kí n máa wò nínú ìròyìn?

Ìdáhùn: Rárá o, kì í ṣe dandan. Ẹnu tí àwọn olóṣèlú fi ń sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà máa ń gbòòrò ju ìwé tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ lọ, nítorí náà ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn NATO ní Washington ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1949. Abala 5 sọ ohun tí ẹ gbọ́ yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìsàlẹ̀: kálukú yóò ṣe ohun tó bá rí i pé ó yẹ, lílo ohun ìjà sì wà lára ohun tó lè ṣe. Ẹni tó fi oògùn àti aṣọ ìbora ránṣẹ́ lè sọ pé òun ti ṣe tòun, kò sì purọ́.

Abala 6 tún pààlà sí i. Yúróòpù, Àríwá Amẹ́ríkà, Tọ́kì àti àwọn erékùṣù Àtìláńtíìkì tó wà ní àríwá Tropic of Cancer (ìlà kan tí wọ́n fà sórí àwòrán ayé, lókè ìlà agbedeméjì ayé) nìkan ni ilẹ̀ tó kàn. Ìdí nìyẹn tí Abala 5 kò fi kan ọ̀ràn erékùṣù Falklands nígbà tí Ajẹntínà gbà á mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1982: ìsàlẹ̀ ìlà yẹn pátápátá ló wà.

Ohun kejì ni pé ta ló kọ́kọ́ ju òkúta. Àdéhùn ààbò wà fún ẹni tí wọ́n bá nílé. Ẹni tó jáde lọ jà kò lè fi í pe èèyàn. Láti 1882 ni Ítálì ti bá Jámánì àti Ọ́sítíríà-Họ́ńgárì mulẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun bẹ́ ní 1914, ó ní àwọn méjèèjì ló fọwọ́ ara wọn fà á, ó sì jókòó sílé. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 1915, ó bá àwọn ọ̀tá wọn jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni NATO ti lo Abala 5 láti 1949, lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ní Amẹ́ríkà: ọjọ́ 12 oṣù náà ni wọ́n kéde rẹ̀, ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà fi ẹ̀rí hàn pé òkèèrè ni ìkọlù náà ti wá. Lára ohun tí wọ́n ṣe ni pé ọkọ̀ òfurufú aṣọ́nà AWACS méje lọ ń ṣọ́ ojú òfurufú Amẹ́ríkà títí di oṣù Karùn-ún 2002.

Ìrànlọ́wọ́ fúnra rẹ̀ ní ipele. Èyí tó kéré jù ni kí ọkọ̀ òfurufú gba orí ilẹ̀ ẹni kọjá, síbẹ̀ wọ́n máa ń fi du ara wọn. Nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ ju bọ́ǹbù sí Líbíyà ní 1986, Gẹ̀ẹ́sì gbà kí ọkọ̀ òfurufú ogun F-111 gbéra láti ilẹ̀ òun, Faransé àti Sípéènì ní kò gba orí ilẹ̀ àwọn. Ni wọ́n bá yí gba orí òkun lọ, tí wọ́n ń bu epo sí ọkọ̀ lójú òfurufú léraléra. Owó náà ń bẹ: nínú ogun Kùwéètì ti 1991, Jèpáànù san nǹkan bí bílíọ̀nù 13 dọ́là, kò sì rán ọmọ ogun kankan lọ jà, torí òfin ilẹ̀ rẹ̀.

Ibi tó ti máa ń dàrú jù ni ilé aṣòfin. Ẹ wo Tọ́kì ní 2003. Amẹ́ríkà fẹ́ kí nǹkan bí 62,000 ọmọ ogun òun gba ibẹ̀ wọ Ìráàkì láti àríwá, ọkọ̀ ojú omi tó kó ẹrù 4th Infantry Division, ẹ̀ka ńlá kan nínú ọmọ ogun Amẹ́ríkà, sì ti ń dúró lórí òkun. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, àwọn aṣòfin dìbò: 264 gbà, 250 kọ̀, 19 ò gbè sẹ́nì kankan. Ẹni tó bá yara ka ìròyìn á ní wọ́n ti gbà nìyẹn. Àmọ́ òfin wọn béèrè ju ìdajì gbogbo àwọn tó wà ní ìjókòó lọ, ìyẹn 267 nínú 533. Ìbò mẹ́ta péré ló dín. Àwọn ọkọ̀ náà yí gba ọ̀nà omi Suez ní Íjíbítì lọ sí Kùwéètì, ogun sì ti bẹ̀rẹ̀ kí àwọn jagunjagun náà tó dé. Kí oṣù yẹn tó parí, ilé aṣòfin kan náà gbà kí Amẹ́ríkà gba ojú òfurufú wọn. Ọ̀rẹ́ kan náà ló kọ̀, òun náà ló tún gbà.

Lọ́dọ̀ Rọ́ṣíà náà, bákan náà ni. Ní 2022, Bẹ̀lárúùsì yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n gba ibẹ̀ wọ Ukraine, kò rán àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Kàsàkísítáànì, tí òun náà bá Rọ́ṣíà wà nínú àdéhùn ààbò CSTO bíi Bẹ̀lárúùsì, kò rán ẹnikẹ́ni.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ka ìròyìn, ẹ má ṣi Abala 4 mú fún Abala 5. Abala 4 kò ju pé kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ lọ. Òun ni Poland àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ pè ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022, tí àwọn kan ti ń pariwo pé ogun àgbáyé dé. "A wà lẹ́yìn yín" kò wọn nǹkan kan. Iye ọmọ ogun, ibi tí wọ́n lè dé, ọjọ́ tí àṣẹ wọn máa parí àti ẹni tó máa dìbò sí i ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ tún wo ọjọ́ ìdìbò gbogbogbòò tó bá ń bọ̀: Sípéènì ní nǹkan bí 1,300 ọmọ ogun ní Ìráàkì, ìjọba tuntun wọlé lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹta 2004, kó tó di oṣù Kẹfà gbogbo wọn ti padà sílé.