Ṣé eré lásán ni Scratch?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọdún 9 kì í kúrò nídìí Scratch, ológbò kan ṣáá ló ń rìn kiri lójú kọ̀ǹpútà. Ṣé ó ń kọ́ nǹkan kan àbí géèmù ni? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é lọ jàre. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ni Scratch. Yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà làwọn Mitchel Resnick ti ṣe é, ó jáde ní 2007, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ ọdún 8 sí 16 gan-an ni wọ́n sì ṣe é fún. Kò ní máa tẹ kóòdù tí àmì kan á sọnù tí gbogbo ẹ̀ á dàrú, búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ lá máa fà tá á so mọ́ra, èyí tí ò bára mu ò ní wọlé síra.

Ẹ ní kó kó "move 100 steps" àti "turn 90 degrees" sínú "repeat 4", ológbò yẹn á rìn yípo onígun mẹ́rin, àmọ́ kó fi "wait 1 seconds" sí i o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á yára débi pé ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ wá bi í pé onígun mẹ́ta ńkọ́? Tó bá fúnra ẹ̀ rí i pé "repeat 3" àti "turn 120 degrees" ni, háà, ìṣirò gidi nìyẹn, inú mi máa ń dùn síbẹ̀ gan-an! Tí dátà bá wọ́n, ẹ daunlóòdù èyí tí ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì.