Ẹ fúnra yín wá ẹni tí ẹ máa fún lówó

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bí èèyàn ṣe lè dá oníjìbìtì mọ̀ lára àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀, ẹ kú àánú. Nígbà tí omíyalé ba ilé wa jẹ́, àwọn kan tí a ò mọ̀ rí gbé fọ́tò ògiri wa tó wó sórí Facebook, wọ́n sì fi ń tọrọ owó. Àwọn èèyàn dá owó náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kàn wá lọ́wọ́. Ilé wa ló wà nínú fọ́tò yẹn lóòótọ́. Àkáǹtì tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni kì í ṣe tiwa. Ẹnì kan ṣáà bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ wá. Wọn ò dáhùn, ṣe ni wọ́n dí i lọ́nà kó má lè rí ojú ìwé wọn mọ́.

Nítorí náà, ẹ má fi fọ́tò ṣe ẹ̀rí. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó wáyé ní Tọ́kì àti Síríà lọ́dún 2023, wọ́n fi àwòrán panápaná kan tó gbé ọmọ mọ́ra tọrọ owó. Kọ̀ǹpútà ló ya àwòrán náà, ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà!

Ẹni tó bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín, tó ń kán yín lójú, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ wá ẹgbẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ kí àjálù tó dé, bíi Red Cross tàbí UNICEF, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ìkànnì wọn, torí àwọn olè a máa yí lẹ́tà kan péré nínú orúkọ. Lẹ́yìn ìjì Katrina lọ́dún 2005, jìbìtì yìí pọ̀ débi pé ìjọba Amẹ́ríkà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ láti máa lépa wọn. Láwọn orílẹ̀-èdè kan, ìjọba ní ìwé orúkọ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó bá ní gift card tàbí bitcoin nìkan lòun ń gbà, ẹ sá fún un. Bó bá jẹ́ ẹnì kan pàtó ni wọ́n ń tọrọ owó fún, ẹ wá ẹni náà tàbí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kàn kí ẹ tó san ohunkóhun. Ẹni tó bá sì ti sanwó, kó pe báńkì rẹ̀ lónìí, kó má dọ̀la, torí wọ́n lè rí owó náà dá dúró bí kò bá tíì jáde.