Hypothesis ẹ̀wà ọmọ yín: ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ kó tó fomi rin ín

Ẹ kú iṣẹ́ o mummy. Ẹ ní wọ́n ní kí ọmọ yín tó wà ní JSS2 gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì, kó gbé ọ̀kan síbi ìmọ́lẹ̀ kó gbé ọ̀kan sínú òkùnkùn, kó sì kọ hypothesis ẹ̀, ìyẹn ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀, ẹ wá ń bèèrè pé ṣé ẹ ò kúkú lè dúró kí ẹ̀wà hù tán ná kí ẹ tó bá a kọ ọ́, kó má bàa gba òdo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Òdo yẹn gangan lèmi gbà, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí náà ni mo sì ṣe tí mo fi gbà á.

SS1 ni mo wà nígbà yẹn. Tíṣà bíọ́lọ́jì wa ní kí oníkálukú kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹ̀wà, mo kọ tèmi pé ẹ̀wà inú òkùnkùn ò ní hù rárá torí pé ìmọ́lẹ̀ ni ewéko fi ń ṣe oúnjẹ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ yẹn, tí wọ́n ń pè ní photosynthesis, ni, orí mi ṣì ń gbóná. Mo ki òwú bọ agolo mílíìkì méjì, mo to ẹ̀wà olóyin sí i, mo fomi rin ín, mo gbé ọ̀kan sójú fèrèsé, mo ti èkejì sínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ìkòkò. Ọjọ́ kẹrin tí mo ṣí i, ó ti hù! Ìgbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án ó ti ga ju ti ojú fèrèsé lọ fíìfíì, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ewé ẹ̀ yẹ́lò bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

Àyà mi já. Mo bá mú Tipp-Ex, mo pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, mo kọ ọ́ sórí ẹ̀ pé ẹ̀wà inú òkùnkùn ló máa ga jù, mo rò pé mo gbọ́n. Mo ti gbàgbé pé tíṣà ti yí kíláàsì ká lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti fi bírò pupa sáìnì sábẹ́ ohun tí kálukú kọ, Tipp-Ex mi sì ti bo ìdajì sáìnì ẹ̀ mọ́lẹ̀. Òdo fún hypothesis, òdo fún conclusion, ìyẹn ohun tí mo kọ ní ìparí. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń jókòó, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ lòun náà kọ, tiẹ̀ náà ò ṣẹ, ó kàn kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ohun tóun rò kọ́ ló ṣẹlẹ̀ ó sì sọ ohun tó fura sí pé ó fà á, ó gba gbogbo máàkì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ṣì ń dùn mí.

Ìgbà tí mo wá délé tí mo ń ròyìn fún màmá wa àgbà, àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní "ẹ̀wà tí mò ń bò mọ́lẹ̀ lóko, ta ló ń tan àtùpà fún un níbẹ̀?" Mi ò rí nǹkan sọ. Kóró ẹ̀wà ti gbé oúnjẹ tiẹ̀ dání, omi, atẹ́gùn àti ooru ló fi ń hù, ìgbà tó bá yọ ewé tí oúnjẹ inú kóró ń tán lọ ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó délẹ̀. Èyí tó wà nínú òkùnkùn ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri ni, gíga ló ń fi gbogbo agbára ẹ̀ ṣe, ìyẹn ló ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní mo ti bi màmá kí n tó kọ ni, "torí pé" tèmi ì bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà báyìí tí mo ti ń ṣe lẹ́sọ́ọ̀nù fáwọn ọmọ, èyí tí mo ń rí jù ni "mo rò pé ẹ̀wà máa hù dáadáa". Dáadáa báwo? Òmíì á kọ pé ìmọ́lẹ̀ lè ran ẹ̀wà lọ́wọ́ ó sì lè má ràn án lọ́wọ́, ẹni tó bá ní aláboyún yìí máa bí ọkùnrin tàbí obìnrin, kí ló sọ? Mo máa ń bi wọ́n pé kí lo fẹ́ yí padà, kí lo máa kà tàbí kí lo máa fi rúlà wọ̀n, kí ló sì jẹ́ kó o rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dáhùn ẹ̀ ti kọ ọ́ tán nìyẹn: "Tí mo bá gbé ẹ̀wà mẹ́wàá síbi ìmọ́lẹ̀ tí mo gbé mẹ́wàá sínú òkùnkùn, iye tó máa hù nínú méjèèjì lọ́jọ́ márùn-ún máa fẹ́ẹ̀ẹ́ dọ́gba, torí pé inú kóró ni oúnjẹ tó fi ń hù wà." Ẹ má fún un ní tèmi yìí dà kọ o, tíṣà á mọ̀. Tọ́mọ bá gbà pé ti inú òkùnkùn ò ní hù, tó sì lè sọ ìdí ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre.

Ohun kan tún wà tí tíṣà mi ò mọ̀, mo lè jẹ́wọ́ ẹ̀ báyìí. Ojoojúmọ́ ni mò ń bomi rin ti ojú fèrèsé torí pé mò ń rí i, ti inú kọ́bọ́ọ̀dù mo gbàgbé ẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó hù, tí kò bá hù ni, ṣé òkùnkùn la fẹ́ bá wí àbí òùngbẹ? Ìwọ̀n omi kan náà ni kó máa bù sí méjèèjì, ṣíbí ni kó fi wọ̀n ọ́n.

Torí náà bírò ni kẹ́ ẹ fún un, kì í ṣe pẹ́ńsùlù, kó kọ ọ́, kó kọ déètì sí i, kó tó wá rẹ òwú. Ẹ má mú ẹ̀wà tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí o, ẹ má sì mú èyí tí kòkòrò ti dá ihò sí lára. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn náà, kó má jẹ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, torí ooru ibẹ̀ ò ní bá ti ojú fèrèsé dọ́gba.