Ṣé wọ́n ń fi òkúta orí yìnyín jẹun?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ayrshire ní Scotland ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún 11, ti iléèwé dé, ó ní eré curling lòun máa ṣe, pé òun fẹ́ dà bíi Rhona Martin. Bàbá ẹ̀ ní òun ò fi ọmọ síléèwé kó lè máa gbálẹ̀ orí yìnyín. Ta ni obìnrin yìí, ṣé iṣẹ́ sì ni eré náà? (Ìyá Ẹléré)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ bá mi kí bàbá ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, torí ohun témi náà sọ nìyẹn lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan wọ́ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ikọ̀ méjì ló ń ti òkúta lórí yìnyín lọ sínú òbìrí kan ní ìkángun kejì; ikọ̀ tí òkúta rẹ̀ bá sún mọ́ àárín òbìrí yẹn jù ló ń gba àmì. Wọ́n gbé òkúta kan síwájú mi, ó fẹ́ẹ̀ tó kílò 20. Mo lóṣòó, mo fẹsẹ̀ ti rọ́bà tó wà lẹ́yìn, mo tì í. Òkúta ò dé ìdajì ọ̀nà, èmi ni mo dojú bolẹ̀. Látìgbà yẹn ni mi ò ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Yìnyín ọ̀hún kì í jọ̀lọ̀ bíi dígí: wọ́n ti wọ́n omi sí i lára, omi náà dì, ó ṣe kókó wínníwínní. Orí kókó yẹn ni òkúta ń gbà. Bí wọ́n bá fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ojú ọ̀nà níwájú rẹ̀, ibẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, òkúta á lọ jìnnà sí i, kò sì ní tètè yà. Ìgbálẹ̀ tí wọ́n ń gbá nìyẹn.

Ọmọ Ayr ni Rhona, ọdún 1966 ni wọ́n bí i. Òun ni balógun ikọ̀ obìnrin Bìrìtéènì tó lọ sí Òlíńpíìkì Salt Lake City ní 2002. Ó ti bímọ méjì nígbà yẹn, làwọn oníròyìn bá ń pè wọ́n ní ìyàwó ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú. Mi ò tíì rí ọkùnrin eléré tí wọ́n pè ní ọkọ ilé.

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n tètè padà sílé. Nínú eré mẹ́sàn-án, wọ́n borí nínú márùn-ún, wọ́n fìdí rẹmi nínú mẹ́rin. Èsì àwọn ẹlòmíì ló fà wọ́n padà. Wọ́n na Sweden, wọ́n na Jámánì, wọ́n fi 6-5 yọ Kánádà, ó wá ku Switzerland ní àṣekágbá. 3-3 ni wọ́n wà, òkúta kan ṣoṣo ló kù, ọwọ́ Rhona ló wà. Òkúta Switzerland ti jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́bàá àárín. Debbie Knox, ọmọ ikọ̀ rẹ̀, na búrọ́ọ̀ṣì ní ìkángun kejì kó rí ibi tó máa fojú sùn. Rhona tì í. Janice Rankin àti Fiona MacDonald sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń gbo yìnyín. Òkúta yà díẹ̀, ó gbá ti Switzerland kúrò, ó sì dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́. 4-3. Òru ti jìn ní Scotland, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ò sì tíì sùn. Látọdún 1984, Bìrìtéènì ò gba góòlù kankan ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù.

Ó tún lọ sí Turin ní 2006, ó bọ́wọ́ òfìfo dé. Lẹ́yìn náà ló wá di kóòṣì, ibí yìí ni mo fẹ́ kí bàbá ẹ̀ ti fetí sílẹ̀. Kóòṣì curling kì í pariwo bíi ti bọ́ọ̀lù. Ó jókòó sẹ́yìn ni, kò gbọdọ̀ bá ikọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ àfi nígbà ìsinmi tàbí tí wọ́n bá tọrọ àyè ránpẹ́. Òru àná ló ti ṣiṣẹ́. Nígbà táwọn eléré bá ti lọ sùn, òun àti ẹnì karùn-ún ikọ̀, ìyẹn adípò, á máa ti òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mọ èyí tó ń sáré jù àti èyí tó ń yà jù, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀: méjì yìí fún ẹni àkọ́kọ́, méjì yìí fún balógun. Lójú tèmi, gbogbo òkúta yẹn ìbejì ni.

Ikọ̀ tí Rhona kọ́, tí Eve Muirhead jẹ́ balógun rẹ̀, gba ife àgbáyé ní Riga ní 2013, wọ́n tún gba bàbà ní Òlíńpíìkì Sochi ní February 2014. Ọmọ ọdún 11 ni Eve, bíi ti ọmọ yín, nígbà tí Rhona ti òkúta ọjọ́sí. Kò ju oṣù díẹ̀ lẹ́yìn Sochi tí olè fi já wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Dumfries, tí wọ́n jí góòlù Rhona gbé lọ.

Ní ti owó, ẹ má retí owó bọ́ọ̀lù. Àwọn tó dáńgájíá jù lọ ní Scotland ń rí owó lọ́tìrì ìjọba gbà, Stirling ni wọ́n sì ti ń gbáradì láti 2017. Àwọn tó kù ń ṣe é mọ́ iṣẹ́ wọn ni. Torí náà, kó máa ka ìwé ẹ̀ lọ, kó sì máa ti òkúta ẹ̀.

Kí bàbá ẹ̀ bá a lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kóun náà ti ẹyọ kan wò. Ẹ sọ fún un kó wọ ṣòkòtò tó nípọn lórúnkún.